Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ọkọ̀ Èrò Rìn Ká Walt Disney World Láìpẹ́ Dé Ibi Tí Ẹ Ń Lọ

Ọ̀pọ̀ ẹbí tó ń lọ sí Walt Disney World ní ìpínlẹ̀ Florida máa ń múra dáadáa sílẹ̀ fún owó tíkẹ́ẹ̀tì àti ìlà gígùn ní ẹnu eré, ṣùgbọ́n ìrìn láti ibì kan sí òmíràn nínú ọgbà náà ló máa ń ba ọjọ́ wọn jẹ́. Wọ́n á ti gba àyè oúnjẹ alẹ́ sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan, wọ́n á jáde nígbà tó ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n á wá rí i pé kò sí bọ́ọ̀sì tó ń ti hòtẹ́ẹ̀lì tiwọn lọ sí ibẹ̀ tààrà. Àwọn mìíràn á gba takisí lọ sí Magic Kingdom, awakọ̀ á já wọn sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ ńlá kan, wọ́n á sì rí i pé odidi adágún omi ló wà láàárín àwọn àti ọgbà tí wọ́n ń wá. Ilẹ̀ náà tó nǹkan bí éékà 25,000, nítorí náà kò sí bí ẹni tó bá ṣìnà ṣe lè fẹsẹ̀ rìn ín parí.

Ọkọ̀ tó ń gbé èrò níbẹ̀ pọ̀, wọn kì í sì í gba owó ọkọ̀. Bọ́ọ̀sì wà, ọkọ̀ ojú omi wà, monorail tó ń sáré lórí òpó kọnkéré wà, Skyliner tó ń gbé èèyàn nínú àpótí lórí wáyà sì wà. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn jálẹ̀ ni pé àwọn ọgbà ìgbafẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn Magic Kingdom, EPCOT, Hollywood Studios àti Animal Kingdom, ni ìkóríta tí gbogbo ọ̀nà ti pàdé, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì sì ni òpin ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ ti òpin kan lọ sí òpin mìíràn sábà máa ń kọ́kọ́ gba ìkóríta kọjá.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì yín ní kíkún, kí ó wà nínú ìwé, kì í ṣe inú fóònù nìkan.
- Áàpù My Disney Experience lórí fóònù, kí ẹ ti so ìwé hòtẹ́ẹ̀lì yín mọ́ ọn kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí àkókò tí bọ́ọ̀sì yín máa dé.
- Páwà báǹkì, nítorí áàpù yìí máa ń jẹ bátìrì gan-an.
- Kẹ̀kẹ́ ọmọdé tó ṣeé ká kíákíá, bí ẹ bá ní ọmọ kékeré.
- Aṣọ òjò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, pàápàá láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, tí òjò àti àrá máa ń wọ́pọ̀ ní ọ̀sán ní Florida.
- Àkókò tó tó. Ẹ fi wákàtí kan sílẹ̀ fún ìrìn láti hòtẹ́ẹ̀lì sí ọgbà, kí ẹ sì fi wákàtí kan àbọ̀ sílẹ̀ fún ìrìn láti hòtẹ́ẹ̀lì kan sí òmíràn.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ hòtẹ́ẹ̀lì yín dájú, kí ẹ sì mọ ọkọ̀ tó ń dé ibẹ̀

Orúkọ àwọn hòtẹ́ẹ̀lì Disney jọra púpọ̀. All-Star mẹ́ta ló wà: All-Star Movies, All-Star Music àti All-Star Sports. Port Orleans méjì ló wà, Riverside àti French Quarter. Ẹni tó bá kàn sọ pé "All-Star" ni òun ń lọ kò tíì sọ ibi tó ń lọ. Bí bàbá tàbí ìyá yín bá wá kí yín láti Nàìjíríà, tí ẹ mú wọn dání lọ síbẹ̀, tí fóònù wọn kò sì ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ẹ kọ orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì náà ní kíkún pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù yín sínú ìwé pélébé kan, kí ẹ fi sínú àpò wọn. Bí èrò bá yà wọ́n kúrò lọ́dọ̀ yín lálẹ́, ìwé yẹn ni òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá bá pàdé máa fi mọ bọ́ọ̀sì tó yẹ kí wọ́n wọ̀. Mo rọ̀ yín pé kí ẹ má fojú kéré èyí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo irú ọkọ̀ tó wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì ń dé gbogbo hòtẹ́ẹ̀lì Disney. Ní àfikún, monorail ń dúró ní Contemporary, Polynesian àti Grand Floridian. Skyliner ń dúró ní Caribbean Beach, Riviera, àti ní ibùdó kan ṣoṣo tí Pop Century àti Art of Animation jọ ń lò. Ọkọ̀ ojú omi ń gbé àwọn tó wà ní BoardWalk, Yacht Club, Beach Club, Swan àti Dolphin lọ sí EPCOT àti Hollywood Studios. Ó ń gbé àwọn tó wà ní Wilderness Lodge àti Fort Wilderness lọ sí Magic Kingdom. Ó sì ń gbé àwọn tó wà ní Port Orleans méjèèjì, Old Key West àti Saratoga Springs lọ sí Disney Springs, ibi ìnájà àti ìjẹun ńlá tó wà níbẹ̀. Àwọn tó wà ní All-Star, Coronado Springs àti Animal Kingdom Lodge kò ní ju bọ́ọ̀sì lọ.

Ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń ṣì í ni pé wọ́n rò pé ọkọ̀ mìíràn yìí jẹ́ ẹ̀bùn lórí bọ́ọ̀sì. Kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Ní Pop Century, fún àpẹẹrẹ, bí Skyliner bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ má dúró kí ẹ máa retí bọ́ọ̀sì sí EPCOT tàbí Hollywood Studios.

Bí hòtẹ́ẹ̀lì yín kò bá sí lórí ilẹ̀ Disney, ó lè ní bọ́ọ̀sì tirẹ̀ tó ń jáde lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́. Ẹ bèèrè àkókò tó ń padà, kì í ṣe àkókò tó ń lọ nìkan, kí ẹ sì bèèrè ibi tó ti ń já èrò tó ń lọ sí Magic Kingdom.

Àyẹ̀wò: ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ sọ orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì yín ní kíkún, kí ẹ sì sọ ọkọ̀ tí ẹ máa wọ̀ dé ọgbà kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ọ̀kan bá rú yín lójú, ẹ bèèrè ní káńtà hòtẹ́ẹ̀lì kí ẹ tó sùn.

Ìgbésẹ̀ 2: Láti pápákọ̀ òfuurufú dé hòtẹ́ẹ̀lì

Àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí tó ti lọ síbẹ̀ nígbà kan rí á máa sọ fún yín pé bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ló gbé àwọn láti pápákọ̀ Orlando. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ bọ́ọ̀sì náà, tí wọ́n ń pè ní Magical Express, ti dẹ́kun iṣẹ́ láti ọdún 2022. Ní báyìí, ẹ máa sanwó: ẹ lè gba àyè nínú bọ́ọ̀sì àjọwọ̀ ilé iṣẹ́ aládàáni, tàbí kí ẹ gba takisí. Bí ẹ bá pọ̀ tó mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ ṣírò owó méjèèjì, nítorí owó takisí kan tí gbogbo yín jọ san lè má ju àpapọ̀ owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín máa san lórí bọ́ọ̀sì lọ.

Àyẹ̀wò: ìwé àdéhùn ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ gbé orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì yín gẹ́lẹ́, kí ó sì gbé terminal tí ọkọ̀ òfuurufú yín máa dé. Terminal C wà nínú ilé ọ̀tọ̀ tó jìnnà sí A àti B.

Ìgbésẹ̀ 3: Bọ́ọ̀sì òwúrọ̀

Àwọn tó ń gbé ní hòtẹ́ẹ̀lì Disney lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ inú ọgbà ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú àwọn yòókù. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ àǹfààní yìí gbọ́dọ̀ ti dúró ní ibùdó bọ́ọ̀sì ní nǹkan bí wákàtí kan ṣáájú àkókò ìwọlé rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, bọ́ọ̀sì sábà máa ń dé láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú síra wọn, ṣùgbọ́n ẹ má fi èyí ṣe òfin. Áàpù tàbí àwòrán ojú pátákó iná tó wà ní ibùdókọ̀ ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ẹ wo orúkọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ, èyí tó ń tàn lókè iwájú rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lára bọ́ọ̀sì kò sọ ibi tó ń lọ. Nọ́ńbà ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lásán ni, ó sì ń ṣi àwọn tó ti mọ́ lára láti máa wọ bọ́ọ̀sì nọ́ńbà ní London tàbí New York lọ́nà.

Ẹ ká kẹ̀kẹ́ ọmọdé kí bọ́ọ̀sì tó dé. Ohun tó ń fa ìdádúró jù ní ibùdókọ̀ ni ìyá tó ń wá ibi tí yóò tẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ ká, tí ọmọ wà lápá kan, tí àpò wà lápá kejì, tí èrò sì dí ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó wà nínú àga onítáyà ló ń kọ́kọ́ wọlé, awakọ̀ á sì so àga náà mọ́lẹ̀ kí ó tó ṣílẹ̀kùn fún àwọn yòókù. Bí ẹ bá mú àgbàlagbà dání tó ń lo irú àga bẹ́ẹ̀, ẹ lọ dúró níwájú kí awakọ̀ rí yín.

Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì títóbi bí Caribbean Beach, Coronado Springs àti Riverside ní ibùdó bọ́ọ̀sì tó ju ọ̀kan lọ nínú ọgbà wọn. Bí ibùdó tiyín bá wà lára èyí tí bọ́ọ̀sì ń dé kẹ́yìn, ọkọ̀ lè ti kún kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ẹ bá ti rí ọ̀kan tó kún kọjá, ó sàn kí ẹ rìn lọ sí ibùdó tó ṣáájú ju kí ẹ dúró de òmíràn.

Animal Kingdom kò ní monorail, kò ní Skyliner, kò sì ní ọkọ̀ ojú omi. Bọ́ọ̀sì nìkan ló ń dé ibẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ibẹ̀ sì jìnnà sí Magic Kingdom. Ẹ gbé e sí ọjọ́ tirẹ̀, kí ẹ má fi há àárín ọgbà méjì mìíràn.

Àyẹ̀wò: ohùn kan á máa kéde ibi tí bọ́ọ̀sì ń lọ nínú ọkọ̀. Bí orúkọ tí ẹ gbọ́ bá yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ń lọ, ẹ sọ fún awakọ̀ kí ilẹ̀kùn tó pa dé.

Ìgbésẹ̀ 4: Magic Kingdom àti adágún tó wà níwájú rẹ̀

Ibí ni wàhálà ti pọ̀ jù, ibí náà sì ni ìmọ̀ díẹ̀ ti ń gba àkókò púpọ̀ padà fún èèyàn.

Ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí fún Magic Kingdom kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Magic Kingdom. Ó wà ní òdìkejì adágún Seven Seas Lagoon, ní ibùdó tí wọ́n ń pè ní Transportation and Ticket Center, tí gbogbo èèyàn ń gé kúrú sí TTC. Ẹni tó bá wa mọ́tò tirẹ̀ wá, tàbí tó gba takisí, TTC ló máa bọ́ sí. Yóò gba ibi àyẹ̀wò àpò kọjá, yóò wá yan ọkọ̀ ojú omi ńlá tàbí monorail láti fi sọdá. Àmọ́ bọ́ọ̀sì hòtẹ́ẹ̀lì Disney ń já èrò sí itòsí ẹnu ọ̀nà Magic Kingdom gan-an. Nítorí náà, bí ẹ bá ń gbé ní hòtẹ́ẹ̀lì Disney, ẹ má náwó takisí lọ sí Magic Kingdom láti yára. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ á gbé yín débẹ̀ ṣáájú.

Bí ẹ bá ti wà ní TTC, ẹ wo ìlà méjèèjì kí ẹ tó yàn. Ọkọ̀ ojú omi náà ń gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún èrò lẹ́ẹ̀kan, ẹ kò sì ní láti ká kẹ̀kẹ́ ọmọdé. Orúkọ bí General Joe Potter tàbí Admiral Joe Fowler tí ẹ bá rí lára rẹ̀ kò yí ibi tó ń lọ padà. Ibì kan náà ni gbogbo wọn ń lọ.

Ní ti monorail, mẹ́ta ni, ẹ̀nu ọ̀nà wọn sì yàtọ̀. Express ń lọ láti TTC sí Magic Kingdom tààrà. Ti EPCOT ń lọ láti TTC sí EPCOT. Ti hòtẹ́ẹ̀lì ń yí adágún ká, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì ń gbà yí i: láti TTC ó di Polynesian, ó di Grand Floridian, ó di Magic Kingdom, ó di Contemporary, kó tó padà sí TTC. Kì í yíjú padà.

Ẹ ronú lórí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Láti Grand Floridian sí Magic Kingdom, ibùdó kan péré ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ monorail yẹn ní Magic Kingdom tó sì fẹ́ padà sí Grand Floridian yóò kọ́kọ́ gba Contemporary, TTC àti Polynesian kọjá. Bákan náà ni ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ní Contemporary láti lọ sí Magic Kingdom yóò yí gbogbo adágún ká tán kó tó dé ọgbà tó ń wò láti ojú fèrèsé rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló dára jù nínú ọ̀ràn méjèèjì. Ọ̀nà ẹsẹ̀ láti Contemporary dé ẹnu ọ̀nà Magic Kingdom kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ọ̀nà ẹsẹ̀ sì ti wà láti Grand Floridian pẹ̀lú láti ọdún 2020. Àwọn tó wà ní Polynesian tó ń lọ sí EPCOT ní tiwọn lè fẹsẹ̀ rìn lọ sí TTC nítòsí, kí wọ́n wọ monorail EPCOT níbẹ̀, dípò kí wọ́n yí adágún ká lásán.

Àyẹ̀wò: kí ẹ tó gun àtẹ̀gùn ibùdó monorail, ẹ ka pátákó tó wà lókè orí yín, kí ẹ bi òṣìṣẹ́ tó dúró níbẹ̀ pé ibo ni ibùdó tó kàn. Bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá bá ọ̀nà tí ẹ ti là sílẹ̀ mu, ìlà tí kì í ṣe tiyín lẹ tò sí.

Ìgbésẹ̀ 5: Skyliner, àti ẹnu ọ̀nà méjì EPCOT

Skyliner bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019. Ọ̀nà mẹ́ta ló ní, gbogbo wọn sì pàdé ní Caribbean Beach. Àpótí kọ̀ọ̀kan ń gba èèyàn mẹ́wàá, kì í sì í dúró jẹ́ẹ́ bí ẹ bá ń wọ̀ ọ́. Ó ń fà díẹ̀díẹ̀ ni. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ wà níbi tí àpótí ti ń dúró fún ẹni tó wà nínú àga onítáyà tàbí àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá. Ẹ bèèrè fún un láìtijú.

Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ní Pop Century tó ń lọ sí EPCOT gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ ní Caribbean Beach, kó tò sí ìlà EPCOT. Nígbà tí àpótí yìí bá wọ ibùdó Riviera, ilẹ̀kùn á ṣí. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ nítorí pé wọ́n rí ilẹ̀kùn tó ṣí.

EPCOT ní ẹnu ọ̀nà méjì tó jìnnà síra. Monorail àti bọ́ọ̀sì ń dé ti iwájú. Skyliner àti ọkọ̀ ojú omi ń dé ti ẹ̀yìn, tí wọ́n ń pè ní International Gateway. Ẹni tó bá fi Skyliner wá láàárọ̀, tó wá bá èrò jáde ní iwájú lálẹ́, kò ní rí Skyliner níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tí ẹ gbà wọlé ni kí ẹ gbà jáde.

Bí àrá bá ń sán nítòsí, wọ́n máa ń dá Skyliner àti ọkọ̀ ojú omi dúró. Bí ẹ bá ti rí ìkùukùu dúdú ní ọ̀sán, ẹ má dúró dìgbà tí òjò bá dé kí ẹ tó wá bọ́ọ̀sì. Láàárín EPCOT àti Hollywood Studios, ọ̀nà ẹsẹ̀ wà tó gba ẹ̀gbẹ́ BoardWalk kọjá, bí ojú ọjọ́ bá dára tí ọkọ̀ sì kún.

Àyẹ̀wò: nígbà tí ẹ bá wọ EPCOT láàárọ̀, ẹ ya àwòrán ẹnu ọ̀nà náà sórí fóònù, kí gbogbo ẹni tó wà nínú ẹbí mọ̀ ọ́n.

Ìgbésẹ̀ 6: Láti hòtẹ́ẹ̀lì kan sí hòtẹ́ẹ̀lì mìíràn

Ẹ wá ọgbà tí ọkọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì méjèèjì jọ ń dé, kí ẹ fi ṣe ìkóríta. Ká ní ẹ wà ní Animal Kingdom Lodge, tí ẹ sì ní oúnjẹ alẹ́ ní Polynesian ní aago mẹ́fà. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì Magic Kingdom ní aago mẹ́rin àbọ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀ síta ẹnu ọ̀nà ọgbà, ẹ wọ monorail ti hòtẹ́ẹ̀lì títí dé Polynesian, tàbí kí ẹ wọ Express dé TTC, kí ẹ sì fẹsẹ̀ rìn èyí tó kù. Ẹ kò wọ inú ọgbà, nítorí náà ẹ kò nílò tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹni tó ń ti Pop Century lọ sí BoardWalk lè fi Skyliner dé International Gateway, kó má wọ EPCOT, kó fẹsẹ̀ rìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ sí BoardWalk.

Disney Springs pẹ̀lú lè ṣe ìkóríta ní ìrọ̀lẹ́, nítorí pé bọ́ọ̀sì gbogbo hòtẹ́ẹ̀lì Disney ń dé ibẹ̀. Àmọ́ kò sí bọ́ọ̀sì láti ibẹ̀ lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ kankan tààrà. Ẹni tó bá gbé mọ́tò sí Disney Springs lọ́fẹ̀ẹ́ láàárọ̀, kó lè wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Magic Kingdom, ti gba ọ̀nà tí kò já.

Bí ìyá tàbí bàbá bá ti rẹ̀, tí ìrìn náà sì gba ọkọ̀ méjì, ẹ sanwó takisí. Owó yẹn tọ́ sí i.

Àyẹ̀wò: ẹ gbọ́dọ̀ lè dárúkọ ìkóríta kan àti ọkọ̀ méjì. Bí ọ̀nà tí ẹ là sílẹ̀ bá nílò ọkọ̀ mẹ́ta, ẹ wá ìkóríta mìíràn.

Ìgbésẹ̀ 7: Pípadà lálẹ́

Nígbà tí wọ́n bá yin iná aláràbarà sójú ọ̀run tán ní Magic Kingdom, gbogbo èrò á dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ yan ọ̀kan nínú méjì: kí ẹ kúrò ṣáájú kó tó parí, tàbí kí ẹ dúró pẹ́. Àwọn ilé ìtajà tó wà lójú ọ̀nà Main Street sábà máa ń ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn tí eré bá ti parí, ẹ sì lè jókòó ti ọmọ tó ti sùn níbẹ̀ títí ìlà á fi dínkù. Bọ́ọ̀sì ń ṣiṣẹ́ títí di nǹkan bí wákàtí kan lẹ́yìn tí ọgbà bá ti pa, nítorí náà ẹni tó dúró fún ogójì ìṣẹ́jú kò tíì pàdánù ọkọ̀ rẹ̀.

Ní ibùdó bọ́ọ̀sì, pátákó hòtẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan dá wà. Ẹ ka orúkọ rẹ̀ tán pátápátá, nítorí alẹ́ ni Riverside àti French Quarter máa ń dà pọ̀ lójú ẹni tó ti rẹ̀. Nígbà mìíràn, bọ́ọ̀sì kan náà á gbé èrò hòtẹ́ẹ̀lì méjì tàbí mẹ́ta tó sún mọ́ ara wọn. Bí ó bá dúró ní All-Star tí kì í ṣe tiyín, ẹ má sọ̀kalẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ ka iye èèyàn yín kí ẹ tó wọ bọ́ọ̀sì, kí ẹ sì tún kà á nínú rẹ̀ kó tó gbéra. Bí ó bá ti ju wákàtí kan lọ tí ọgbà ti pa, tí ẹ kò sì rí bọ́ọ̀sì hòtẹ́ẹ̀lì yín, ẹ má fi ẹsẹ̀ jáde sójú títì. Ẹ padà sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń darí bọ́ọ̀sì ní ibùdó náà, kí ẹ fi ìwé orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì yín hàn án, yóò sì sọ fún yín bóyá ọkọ̀ kan ṣì ń bọ̀ tàbí kí ẹ pe takisí.